Bí ẹ ṣe lè fi akọtọ́ àti ọ̀rọ̀ tó ń lò mọ ibi tí ẹni tó fi orúkọ pamọ́ ti wá

Ẹnìkan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò yín obìnrin, ó ní ọmọ Texas lòun, pé orí òkun lòun ti ń wa epo. Ẹlòmíràn ń fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú wa lórí X tọ̀sán tòru, ó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí òun sí, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó mọ Mọ́lété. Àwòrán tó gbé síbẹ̀ ṣeé jí, orúkọ ṣeé dá sọ ara ẹni. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni ọ̀rọ̀ tó kọ, ọ̀rọ̀ yẹn á sì tú àṣírí púpọ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á. Iṣẹ́ ìtúmọ̀ àti àtúnkà ìwé ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ àwọn tí n kò rí rí ni mo ń kà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀nà tí mò ń gbà kà á ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ná. Èkíní, ọ̀rọ̀ kò mọ ìwé ìrìnnà. Ilé ìwé tí èèyàn lọ àti ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni ọ̀rọ̀ ń fi hàn, kì í ṣe ibi tó jókòó sí lónìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lo ogún ọdún ní Houston ṣì lè máa kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Ìjẹ̀bú.

Èkejì, èyí tó ṣe pàtàkì jù: àmì tí ẹni tó ń kọ̀wé kò mọ̀ pé àmì ni ló wúlò jù. Ajínigbé kan kọ ìwé sí òbí ọmọ tó jí gbé ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ìwé náà fún Roger Shuy, onímọ̀ èdè tó máa ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. Ajínigbé yìí kọ “kops” dípò “cops”, ó kọ “kan” dípò “can”, ó fẹ́ kí wọ́n rò pé púrúǹtù lòun. Àmọ́ kò ṣi “precious” kọ, kò sì ṣi “diaper” kọ. Ó wá ní kí wọ́n ju owó náà sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lórí “devil strip”. Orúkọ tí wọ́n ń pe pápá tín-ín-rín tó wà láàárín títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio. Bí ẹ bá kúrò ní agbègbè yẹn, ó ṣòro kí ẹ tó gbọ́ ọ. Shuy béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá bóyá ọmọ Akron kan tó kàwé dáadáa wà nínú àwọn tí wọ́n ń fura sí. Ó wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà rántí láti fi pamọ́ ló fi pamọ́. “Devil strip” kò sí lára wọn, torí lójú tirẹ̀ gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ

Gbólóhùn kan kò tó nǹkan. Ẹ wá ohun tó kọ ní ìgbà púpọ̀, ní ibi púpọ̀, kí ẹ sì ya èyí tó jókòó tì kọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fi ìkánjú kọ. Èyí tó fi ìkánjú kọ ni kí ẹ gbájú mọ́: ìgbà tó ń bá èèyàn jiyàn, ìgbà tó ń fèsì lóru, ìgbà tí inú ń bí i. Ohun tó dà kọ láti ibòmíràn kò wúlò. Ohun tí ẹ̀rọ AI bá kọ fún un kò wúlò pẹ̀lú, lóde òní ìyẹn sì pọ̀: bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ bá ń dán bí ìwé báǹkì, tí èsì kúkúrú rẹ̀ sì rí játijàti, èsì kúkúrú yẹn ni kí ẹ kà.

Ẹ má gbàgbé pé fóònù náà ń kọ̀wé. Fóònù tí wọ́n ṣètò sí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà á máa fa ìlà pupa sí abẹ́ “colour” títí ẹni tó ni ín á fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó yàn ju akọtọ́ rẹ̀ lọ. Fóònù lè tún lẹ́tà tò, kì í sábà pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé láti ilé wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo akọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀

Akọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì pín sí agboolé ńlá méjì. Ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀nà ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson gbé jáde ní London ní 1755, èkejì tẹ̀lé èyí tí Noah Webster gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1828. Webster fẹ́ kí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ní akọtọ́ tirẹ̀: “color” ló fọwọ́ sí, àti “center”, àti “defense”. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa kọ “tongue” ní “tung”, àwọn èèyàn rẹ̀ ni kò gbà.

Bí ẹ bá rí “colour”, “centre”, “travelling” àti “tyre” lọ́dọ̀ ẹnìkan náà, agboolé Johnson ló wà. Àmọ́ agboolé yẹn fẹ̀. Bìrìtìkó wà níbẹ̀, Ireland wà níbẹ̀, àwa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Gánà, Kẹ́ńyà, Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà, Ọsirélíà àti New Zealand. Ohun tí akọtọ́ lè ṣe fún yín ni kó yọ àwọn kan kúrò. Kò lè nawọ́ sí ẹnìkan.

Àwọn ọ̀fìn kan tún wà. Ọmọ Kánádà a máa kọ “colour” àti “centre” bíi ti London, kó tún kọ “tire”, “curb” àti “analyze” bíi ti New York. Àdàlù yẹn gan-an ni àmì tirẹ̀. “Organize” pẹ̀lú “z” kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ṣe ń kọ ọ́ títí dòní. Ọmọ Ọsirélíà a máa kọ “labour” nígbà gbogbo, àfi tó bá kan orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, tí wọ́n ti yọ “u” kúrò nínú rẹ̀ láti 1912. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé “mom” ni ọmọ Amẹ́ríkà, “mum” ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lọ sí Birmingham àti agbègbè rẹ̀, ẹ óò rí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì paraku tó ń kọ “mom”. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ wa ní Nàìjíríà, olùkọ́ ló kọ́ wọn ní “favour”, fíìmù àti fóònù ló kọ́ wọn ní “color”, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí méjèèjì bá wà nínú ìpínrọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ọ̀rọ̀ ilé

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń gbàgbé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ ìwé, kárí ayé ni. Ọ̀rọ̀ tí a ń pe ohun tó wà nílé, lójú títì àti ní ilé ìwé ló ń yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Nítorí náà, ẹ ka àkójọ yín pẹ̀lú irú ìbéèrè báyìí: Kí ló ń pe iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta? Kí ló ń pe ṣọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé? Kí ló ń pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọlọ́pàá, kíláàsì tó wà nígbà tó wà lọ́mọdé?

Ẹni tó bá pe iná oríta ní “robot”, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni mo máa kọ́kọ́ fi sí. Ẹni tó ra mílíìkì ní “dairy” ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, New Zealand ni. Ẹni tó ní kí ẹ pàdé òun ní “arvo”, ìyẹn ní ọ̀sán, Ọsirélíà. Kọ́bọ́ọ̀dù tó di “press” àti ọlọ́pàá tó di “the guards”, Ireland nìyẹn. “Washroom” fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń fa èèyàn lọ sí Kánádà, pàápàá tó bá tún sọ pé “grade nine” lòun wà dípò “ninth grade”. “Comfort room” fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà, Philippines. Mo fẹ́ràn “outwith” ti àwọn ará Scotland gan-an: nínú lẹ́tà ìjọba pàápàá wọ́n ń lò ó láti fi sọ ohun tó wà lẹ́yìn ààlà nǹkan, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ará England kì í lò ó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níye lórí ju “wee”, ìyẹn kékeré, lọ, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé “wee” jẹ́ ti Scotland, ẹni tó fẹ́ díbọ́n ló kọ́kọ́ máa mú un.

Ọmọ Íńdíà a máa “prepone” ìpàdé, ìyẹn ni pé kó fà á wá síwájú, a sì máa wà “out of station” nígbà tí kò bá sí nílé. “Do the needful” tí gbogbo èèyàn ń pè ní ti Íńdíà, ẹ rọra o. Gẹ̀ẹ́sì àwọn òyìnbó amúnisìn ni, ó wà nínú lẹ́tà ọ́fíìsì wa náà.

Tó bá di Nàìjíríà àti Gánà, iṣẹ́ náà túbọ̀ dùn, torí àwọn àjèjì kì í lè yà wá sọ́tọ̀, àwa sì lè ṣe é. Àwa méjèèjì la ń sọ pé “I’m coming” nígbà tí a bá ń jáde lọ. Àwa méjèèjì la ń kọ WAEC, pẹ̀lú Sierra Leone, Gambia àti Liberia. Àmọ́ JAMB àti “corper” kò kọjá ààlà wa. Ọmọ wa wà ní “SS2”, ọmọ tiwọn wà ní “SHS”. Ọkọ̀ èrò wọn ni “trotro”, tiwa l’Ékòó ni “danfo”. Bí a bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gàrí tiwa sábà máa ń ní “r” méjì, tiwọn ní ẹyọ kan. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń pè ní “dumsor”. Lọ́dọ̀ wa “NEPA” ló mú iná lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ ilé iṣẹ́ náà padà sí PHCN. Ẹ wo bí orúkọ tó ti kú lórí ìwé ṣe wà láàyè lẹ́nu gbogbo wa. Ẹni tó kọ́ nípa Nàìjíríà nínú ìwé kò lè mọ irú èyí.

Ní January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé: “okada”, “danfo”, “mama put”, “next tomorrow”, “barbing salon”, “send-forth”, “ember months”, “severally” àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá àkójọ náà kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọ “severally” láti sọ pé ìgbà púpọ̀, tí a sì ń pe ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run ní “barbing salon”, láìmọ̀ pé ọmọ London kò ní mọ ohun tí a ń sọ. Irú ìwọ̀nyí ni “devil strip” tiwa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nọ́ńbà, ọjọ́ àti àmì

Èyí kò gba àsìkò. Ọmọ Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́: 9/11 lọ́dọ̀ wọn ni ọjọ́ kọkànlá oṣù September, lọ́dọ̀ wa ọjọ́ kẹsàn-án oṣù November ni. Fahrenheit ni wọ́n fi ń wọn ooru. Ọmọ Bìrìtìkó àti Ireland lè fi “stone” wọn ara rẹ̀. Ọmọ Íńdíà a máa ka owó ní “lakh” tó jẹ́ 100,000 àti “crore” tó jẹ́ 10,000,000, a sì máa fi kọ́mà síbi tí àwọn tí kì í ṣe ará agbègbè wọn kì í fi í sí: 1,00,000. Ọmọ Faransé àti àwọn tó kàwé ní Kùtọnu tàbí Lomé sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ ṣáájú àmì ìbéèrè. Ọmọ Jámánì lè ṣí àmì àyọlò rẹ̀ nísàlẹ̀, báyìí: „.

Ẹ̀rín pàápàá ní ìlú. “Kkkkk” jẹ́ ti Brazil, “jajaja” ti àwọn elédè Sípéènì, “wkwkwk” ti Indonesia, “555” ti Thailand torí nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń pè ní “ha”. Ará Rọ́ṣíà a máa fi )))) rẹ́rìn-ín láìsí ojú kankan níwájú rẹ̀. Èèyàn lè ṣọ́ akọtọ́ rẹ̀ fún odidi oṣù, kí ẹ̀rín kan tú u fó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá èdè tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀

Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bí èdè kejì, èdè ìyá rẹ̀ ló ń to gbólóhùn. Ará Rọ́ṣíà kò ní “the” àti “a” lédè rẹ̀, ó sì máa ń gbàgbé wọn. Ọmọ Jámánì lè pe fóònù rẹ̀ ní “handy”, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é nílé.

Tiwa ni kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí ẹ ní etí rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. “Ó” wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, nítorí náà ẹ lè rí “he” àti “she” tí wọ́n ń gba ipò ara wọn nígbà tí ìkánjú bá wà. Ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́ ṣá, nítorí èdè Turkey, Finland àti Hungary náà rí bẹ́ẹ̀. “I am hearing a smell” wá láti inú gbígbọ́ òórùn, tí ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà mìíràn náà ń gbọ́. “I used to wake by five” fún ohun tó ṣì ń ṣe títí di òní, “máa ń” ló wà níbẹ̀. “They are calling you” nígbà tó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè, “wọ́n ń pè ọ́” gbáà ni. “Sorry” fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, nígbà tí kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, “pẹ̀lẹ́” ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, èmi ni mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ, ká sọ pé ọkùnrin Texas wa orí omi ló fi ránṣẹ́:

“Hello dear. I just dropped from the flight, the weather here is 38 degrees. My mum is on admission since 05/14 and I have not eaten since. They are even calling me now from the hospital. I will call you next tomorrow.”

Ẹ wo 05/14. Oṣù ló ṣáájú, bíi ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àmì yìí kò tó nǹkan kan. Ohun tó rántí láti ṣe ni. Àmọ́ “38 degrees”: ní Texas, òtútù tó fẹ́ẹ̀ di yìnyín nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ooru á kọ 100. “Mum” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ Texas. “Dropped” láti inú ọkọ̀, “on admission” ní ọsibítù, “they are calling me”, gbogbo wọn ń tọ́ka sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. “Next tomorrow” ló wá kan án ní ìṣó: ọ̀túnla ni. Àmì kan ń tọ́ka sí Amẹ́ríkà, òun náà ló rọrùn jù láti díbọ́n. Àwọn tó kù ni kò mọ̀ pé òun ń kọ.

Kí la lè sọ báyìí? A lè sọ pé ó jọ pé Nàìjíríà ni ẹni yìí ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kò lè sọ pé Nàìjíríà ló wà. A kò sì lè sọ pé oní-gbájú-ẹ̀ ni torí pé ó kọ “next tomorrow”. Dókítà tó ń tọ́jú yín lè kọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ó dùn mí gan-an nígbà tí àwọn èèyàn bá sọ Gẹ̀ẹ́sì wa di ẹ̀rí ọ̀daràn. Ohun tó burú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni pé ẹni tó kọ ọ́ sọ pé Texas ni wọ́n bí òun, ibẹ̀ lòun sì dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ mu. Àìbáramu yẹn ni ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tó bá jẹ́ Yorùbá ló fi kọ̀wé

Níbí lẹ ti lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ kan kò lè ṣe fún yín. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ náà tí wọ́n ṣètò ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990. Ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀ ń kọ “ɛ” níbi tí àwa ti ń kọ “ẹ”, “ɔ” níbi tí àwa ti ń kọ “ọ”, “sh” dípò “ṣ”, àti “kp” níbi tí àwa ti ń kọ “p”. “Pẹ̀lẹ́” tiwa di “kpɛ̀lɛ́” lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn náà gba ọ̀nà Faransé: Babatoundé, Olatoundji.

Lọ́dọ̀ wa, akọtọ́ òde òní tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ní 1974 pín àwọn òǹkọ̀wé sí ìran méjì. Ẹni tó bá ń kọ “aiye”, “enia”, “obirin” àti “ọkọnrin”, àgbàlagbà tó lọ sí ilé ìwé ṣáájú ìgbà yẹn ni, tàbí ẹni tó ń ka Bíbélì àtijọ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀ka èdè ń yọjú pẹ̀lú: “ulé” àti “uṣu” ń lọ sí apá Èkìtì, ẹni tó bá sì fi “Òkun o” kí yín, apá Kàbà àti Yàgbà ni kí ẹ wò.

Orúkọ òrìṣà ló wá dùn jù. Ẹ fi Ṣàngó ṣe ìdánwò. Ọmọ Nàìjíríà tí kò rí àmì fi sí i a máa kọ “Sango” tàbí “Shango”. Ní Kúbà, “Changó” ni. Yemọja di “Yemayá”, Ọ̀ṣun di “Ochún”, àṣẹ di “aché”. Ní Brazil, “Xangô” ni, pẹ̀lú “Iemanjá”, “Oxum” àti “axé”. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ èdè Sípéènì fi “ch” gbé ohùn rẹ̀, èdè Potogí fi “x” gbé e. Ẹni tó bá sọ pé Ọ̀yọ́ lòun ti jogún Ṣàngó, tó wá ń kọ “Changó” ṣáá, ẹ béèrè ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Kì í ṣe irọ́ dandan: ọ̀pọ̀ olórìṣà ní Amẹ́ríkà ló gba ẹ̀sìn wọn láti ọwọ́ àwọn ará Kúbà, akọtọ́ Kúbà ni wọ́n sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ gbìyànjú láti tako ara yín

Ẹ fa ìlà sí àárín bébà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ àwọn àmì tó ti ohun tí ẹ ń rò lẹ́yìn. Ní apá òsì, àwọn tó takò ó. Bí apá òsì bá ṣófo, ẹ kò tíì wá a dáadáa. Ẹ wá yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nínú GloWbE, àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tí Mark Davies gbé jáde ní 2013: ó ní ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù 1.9 láti orí íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè 20, Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Íńdíà àti Jàmáíkà wà nínú wọn. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, yóò fi hàn yín bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń lò ó tó. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdánilójú tí kò nídìí.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní April 2024. Paul Graham, olówó ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, rí “delve” nínú ímeèlì kan, ó sì kọ ọ́ sí gbangba pé àmì ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń kọ̀wé, ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bo ojú ìwé rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wọn kọ́ wọn nílé ìwé, tí wọ́n ń kọ láti kékeré ni. Ohun tó ṣàjèjì létí ẹnìkan, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ẹlòmíràn ni, ìyẹn ni ẹni tó ń méfò sì sábà máa ń gbàgbé.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i bí àmì ṣe lè pọ̀ kí ìdáhùn má sì sí, ẹ wo Satoshi Nakamoto, ẹni tí a kò mọ̀ títí dòní, tó gbé ìwé Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní ọjọ́ 31 October 2008. Ó ní ọmọ Jàpáànì lòun. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó kọ́ ọ bí èdè kejì rárá. Nínú ìwé náà ó kọ “favour” pẹ̀lú “u”, ó sì kọ “characterized” pẹ̀lú “z”: agboolé Johnson ní apá kan, Oxford tàbí Kánádà ní apá kejì. Ní 2010 ó kọ “bloody hard”, ọ̀rọ̀ Bìrìtìkó àti Ọsirélíà. Àkọlé ìwé ìròyìn The Times ti London, ti 3 January 2009, ló tẹ̀ mọ́ inú Bitcoin àkọ́kọ́ gan-an. Gbogbo rẹ̀ ń lọ sí London, àbí? Wọ́n wá ka wákàtí tó ń kọ̀wé, wọ́n rí i pé kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan láàárín aago márùn-ún sí mọ́kànlá àárọ̀ ti Greenwich. Ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀gànjọ́ òru sí aago mẹ́fà ìdájí nìyẹn, àsìkò oorun. Ní Jàpáànì, aago méjì ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ń fa èèyàn sí ibì kan, aago ń fà á sí ibòmíràn, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ Bìrìtìkó tó ń gbé New York ni, tàbí ọmọ Kánádà, tàbí ẹni tí kì í sùn lóru. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi “bloody” sí i. Bí àkójọ yín bá rí báyìí, ẹ kọ “n kò mọ̀” sí ìsàlẹ̀ bébà, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tí ẹ máa fi ìméfò yín ṣe

Ẹ má gbé e sí gbangba. Ní March 2014, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà nawọ́ sí bàbá kan ní California pé òun ni Satoshi, lára ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Nakamoto lorúkọ rẹ̀. Bàbá náà ní òun kọ́, síbẹ̀ àwọn oníròyìn dó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n lé ọkọ̀ tó wọ̀ kiri ìgboro. Ẹni tó fi orúkọ pamọ́ lè jẹ́ obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ń lù ú, tàbí òṣìṣẹ́ tó ń tú àṣírí olè. Tí kò bá bèèrè owó, tí kò bá purọ́ láti fi ṣe yín níbi, ibi tó ti wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín.

Tó bá jẹ́ pé ó ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ má sọ fún un pé “next tomorrow” ló tú u fó, torí yóò tún un ṣe kó tó lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ gùn: oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀, bó ṣe ń dé ilé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì kà á bí mo ṣe là á sílẹ̀. X ti ń fi orílẹ̀-èdè tí àwọn àkáǹtì wà hàn láti November 2025. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò pẹ̀lú, àmọ́ VPN, ètò tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè yí ìyẹn. Ẹ ní kí ẹ rí ojú ara yín lórí fídíò, kó sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa mú àkókò.

Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, bó ti wù kó ti yín lójú tó. Ẹ ya àwòrán wọn pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ má ṣe tún akọtọ́ inú wọn kọ nígbà tí ẹ bá ń gbé wọn fún báǹkì tàbí ọlọ́pàá. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó tún ka ohunkóhun.